Ẹ Kan Àpótí Kan fún Ìlú Kejì

Ẹ̀yin ará Ìlobùú, ẹ̀yin ará Ifọ́n, ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ ààlà kọ́ ni mo bá wá. Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tí kò ni ín, n kò mọ̀ ọ́n dá, n kò sì ní dá a níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ pákó, òòlù àti ìṣó ni mo bá wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa.

Ìjà ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé lórí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ti wọ ilé tó jóná rí á mọ̀ pé igi ló kọ́kọ́ ń lọ. Bíríkì lè dúró, páànù á ká kò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, fèrèsé, igi àjà, àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rà nígbà ìgbéyàwó á di eérú. Ojú àwọn ọmọ wa ló sì ṣe. Wọ́n rí àgbàlagbà tó ń ti iná bọ ilẹ̀kùn. Mélòó nínú wọn ló wá ti rí àgbàlagbà tó ń kan ilẹ̀kùn, tó bá a di pákó mú, tó bá a ka ìṣó?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju òwúrọ̀ Sátidé kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mú ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ lọ sí ìsọ̀ káfíńtà tó súnmọ́ yín, kí ẹ jọ kan àpótí ìjókòó. N kò ní kí ẹ já ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ wá bá tiyín lọ o. Ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, ó ní ọdún tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá jókòó tì í ni mo wí, kí òun náà di òòlù mú, kí ọmọ rí i pé òòlù máa ń gbá àtàǹpàkò bàbá òun náà.

Bàbá tèmi kì í ṣe káfíńtà. Ìṣó tó ti wọ́ ló máa ń kó fún mi, kí n gbé e lé òkúta, kí n máa lù ú títí á fi tọ́. Inú mi kì í dùn sí i nígbà náà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Nígbà tó yá, a jọ kan àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Ìyá mi kọ̀ kí a jù ú nù. Páálí ló ń ká sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó sì jókòó lórí àga yẹn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọlé. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí wọ́n bí ní 1928, ìran agbẹ́gilére ló ti wá, bàbá rẹ̀ gbẹ́ igi kó tó kan òun. Kékeré ló ti di ọ̀bẹ mú. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ kí ọwọ́ òun le sí i, kò ní ti ilé bàbá òun ti tó. Ó lọ bá Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére ará Ọ̀sì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947. Ẹ bá mi wo ìrìn ẹsẹ̀ yẹn. Ọmọ Ìlá, lábẹ́ ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ Ọ̀sì, ní ìlú Ọ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilẹ̀ ta ni igi tó ń gbẹ́ ti hù. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, UNESCO sì dá a lọ́lá ní 2006, ọdún mẹ́ta kó tó di olóògbé.

Àwọn agbẹ́gilére yẹn ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn, ó sì wù mí kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń la igi títí ìrísí orí, àyà àti ẹsẹ̀ á fi hàn gbàgbà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí etí ti ń yọ lára orí, tí ìka ń yọ lára ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán, tí ara igi á máa jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ilà ojú, irun dídì àti ọnà ara aṣọ. Kò sí èyí tí wọ́n ń fò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fín nígbà tí kò tíì lé e tán, igi rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo mọ àwọn àgbàlagbà kan tí ìbá dára kí wọ́n kọ́ èyí kí wọ́n tó máa ṣèpàdé ìlú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ẹnu mi mọ síbẹ̀.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni ilé àyàn, bàtá wọn ti dún dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Àwọn onílù máa ń sọ pé igi ọmọ̀ tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù fún ìlù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti kékeré. Lójú tiwọn, ibi tí èèyàn ti ń kọjá, tí wọ́n ti ń kíra wọn, ni igi tí yóò mọ̀rọ̀ọ́ sọ ti ń dàgbà. Ifọ́n ẹ̀wẹ̀, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni, Ọbàtálá tí ń mọ orí, tí ń mọ ojú. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Ìrẹ́pọ̀dùn ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ rí i pé orúkọ kò wọ́n wa.

Ilé ìwé ìbá bá wa ṣe é. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ iṣẹ́ igi wá láti òkè òkun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, ní ọ̀pọ̀ ibi inú àpótí tí wọ́n dì í sí ló sì ti dípẹtà. Ilẹ̀ Finland ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ di dandan nílé ìwé láti 1866. Kàkà ká dúró de irú ìyẹn nílé ìwé wa, ẹ jẹ́ ká máa lo ayùn ọwọ́ wa.

Bó ṣe rọrùn tó rèé. Pákó márùn-ún ni àpótí: ojú kan, ẹsẹ̀ méjì, àti ìgbànú méjì tó so ẹsẹ̀ pọ̀. Kí ojú rẹ̀ gùn ní ìńṣì 12, kó fẹ̀ ní 9. Kí ẹsẹ̀ ga ní ìńṣì 8. Ìṣó ìńṣì méjì ló bá a mu. Igi àrẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọ̀ fún ọwọ́ ọmọdé. Ẹ yẹra fún ìrókò, nítorí eruku rẹ̀ máa ń ta ni lójú nímú. Ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ fún un ní sáńpépà. Dídán náà nìyẹn. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lè kànṣó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó náà gún páálí kékeré kan, kó jẹ́ páálí ni ọmọ yóò dì mú, kí òòlù má bàa bá ìka rẹ̀. Ayùn kò tíì kàn án títí yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà náà pàápàá, ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ pákó mọ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ebi ń pa òun, mo wá ń sọ ti àpótí. Òótọ́ ni. Èyí kò gba owó púpọ̀: àjákù pákó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, iná ìdáná ló sì sábà máa ń gbà á. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná, tó sì yọ̀ǹda, pákó tó kàn dúdú lójú ṣì lè wúlò. Ẹ fi ìfági fá èédú ojú rẹ̀ kúrò. Tí igi náà bá nípọn, inú rẹ̀ sábà máa ń le koko bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ku ẹyọ kan, òun ló sì ṣòro jù. Àpótí àkọ́kọ́ tí ọmọ yín bá kàn, kó má ṣe gbélé yín. Kí ti ọmọ Ìlobùú lọ sí Ifọ́n, kí ti Ifọ́n lọ sí Ẹ̀rìn, kí ti Ẹ̀rìn wá sí Ìlobùú. Kí ọmọ náà kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí bàbá ti jẹ́ ọmọ Ìlobùú, tí ìyá jẹ́ ọmọ Ifọ́n? Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyá kò ní kọ àpótí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kàn, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá kúrú.

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ yá wa ní ìsọ̀ yín títí di agogo méjìlá ọ̀sán. A máa gbá ilẹ̀ rẹ̀ kí a tó lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú òòlù kan, ìṣó díẹ̀ àti omi mímu dání. Ayùn méjì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ti kú lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n màá ti pọ́n ọn kó tó di Sátidé.