Wáàtì Ńlá Kọ́ Ló Ń Gbálẹ̀

Nọ́ńbà gàdàgbà kan máa ń wà lára páálí fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí nílẹ̀: 1,600 wáàtì, 2,000 wáàtì. Òun ni àwọn tó ń ta ohun èlò iná máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń díwọ̀n agbára ẹ̀rọ. Ìwọ̀n yìí kò tọ̀nà. Iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wáàtì ń sọ. Kò sọ iye ìdọ̀tí tó ń kó. Ẹni tó bá tìtorí wáàtì nìkan ra fákúùmù lè san owó gọbọi fún ariwo àti ooru.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Mọ́tò inú rẹ̀ ń yí fáànù kan, fáànù ń ti afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ mìíràn a sì ya gba ẹnu ẹ̀rọ wọlé pẹ̀lú eruku. Àpò tàbí asẹ́ inú rẹ̀ ló ń dá eruku náà dúró. Bí àpò bá ti kún, bí asẹ́ bá ti dí, bí họ́ọ̀sì bá ti lu, tàbí bí ẹnu ẹ̀rọ kò bá jókòó dáadáa sórí ilẹ̀, 2,000 wáàtì kò ní lè fa iyanrìn kúrò nídìí rọ́ọ̀gì.

Yúróòpù ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títa fákúùmù tuntun tó bá ju 1,600 wáàtì lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n tún já a wálẹ̀ sí 900. Ní ìlú Ọba, àwọn èèyàn sáré lọ ra èyí tó tóbi kí òfin náà tó múlẹ̀, wọ́n rò pé ilé kò ní mọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà padà sídìí iṣẹ́: wọ́n tún fáànù ṣe, wọ́n tún ẹnu ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì ṣì kún ilé àwọn ará ibẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ju 900 wáàtì lọ ni wọ́n sì fi ń gbá a.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ iná jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour” kì í lè gbé 1,000 wáàtì. Bí wọ́n bá so fákúùmù 2,000 wáàtì mọ́ ọn, ńṣe ni yóò kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ínfátà kékeré náà kò ní gbà á. Èyí tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tún ní ewu tirẹ̀: 120 fólítì ni iná wọn lọ́hùn-ún, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230 sí 240. Bí kò bá sí transformer tó ń dín iná kù láàrin wọn, mọ́tò yóò jóná. Ti ìlú Ọba kò ní wàhálà yìí.

Lẹ́yìn iná, ilẹ̀ ló kàn. Ilé tó bá jẹ́ táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì jákèjádò kò fi dandan nílò fákúùmù. Ìgbálẹ̀ àti àkísà tútù ti tó o. Ibi tí rọ́ọ̀gì tàbí kápẹ́ẹ̀tì bá wà ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Iyanrìn a máa rì sídìí òwú rẹ̀, ìgbálẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ lásán ló ń gbá, ó sì ń gbé eruku sáfẹ́fẹ́. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ògiri dé ògiri nílò fákúùmù ju ọ̀pọ̀ ilé lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku Sàhárà bá ń wọ̀lú. Ẹ̀rọ tí búrọ́ọ̀ṣì ń yí lẹ́nu rẹ̀ ló dára fún kápẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì náà ṣeé pa lórí táìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa ta iyanrìn ká.

Asẹ́ kì í ṣe ohun à ń fojú fò. James Murray Spangler, tó ń tọ́jú ilé ìtajà ńlá kan nílùú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ikọ́ fée. Eruku tó ń dà á láàmú lẹ́nu iṣẹ́ ló mú un fi mọ́tò fáànù, ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí ṣe fákúùmù alágbèéká ní 1907, kí ìdílé Hoover tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí asẹ́ rẹ̀ kò dára ń sọ ìdí tí Spangler fi ṣe é dòfo, nítorí eruku kíkúnná tó ń dé ẹ̀dọ̀fóró a gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà sínú yàrá. Ilé tí oníkọ́ fée bá wà kò gbọdọ̀ gba ohun tó rẹlẹ̀ sí asẹ́ HEPA, èyí tí ìlànà Amẹ́ríkà ní kó máa mú 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún egunrín tó jẹ́ 0.3 máíkírọ̀n.

Ẹ̀rọ alápò ló ń pa eruku mọ́ jù, àmọ́ bí àpò ìrọ́pò kò bá sí lọ́jà, èyí tó ní ike ìkódọ̀tí ló kù. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa da ike náà nù, asẹ́ tí wọ́n bá fọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó padà sáyè rẹ̀.

Síbẹ̀, ìkánjú lè ba iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dára jù lọ jẹ́. Fáànù òkè, pẹpẹ àti àga ló yẹ ní nínù ṣáájú, torí ilẹ̀ ni eruku wọn ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọ́ ẹ̀rọ jẹ́jẹ́, lọ àti bọ̀, lójú kan náà, kí wọ́n sì tún gbà á ní ìbú. Ẹni tó ń sáré wọ́ ọ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè fa ohun tó wà nídìí òwú. Yorùbá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó ṣáájú owó: irú ilẹ̀ wo ló wà nílé, iná wo ni yóò gbé ẹ̀rọ, irú asẹ́ wo ló ní, ṣé àpò àti asẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́jà? Òǹtajà tí kò bá lè dáhùn, tó kàn ń pariwo wáàtì, kí oníbàárà fi í sílẹ̀, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.