Ẹ yé fi kẹ́místírì ṣe ẹlẹ́yà

1/ Yunifásítì ti gba àbúrò mi obìnrin wọlé láti ka kẹ́místírì. Dípò "ẹ kú oríire", ohun tí wọ́n ń bi í láti Ìkirè dé Apòmù ni pé, "Ṣé wọn ò fún ẹ ní iṣẹ́ dókítà ni?" Àwọn kan tiẹ̀ ní kó jókòó sílé, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

2/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́místírì ò lè gbé èèyàn débì kankan, ṣé ẹ mọ Tebello Nyokong? Ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Orí òkè Lesotho ló ti dàgbà. Àgùntàn ló ń dà: lónìí á lọ síléèwé, lọ́la á da ẹran lọ pápá.

3/ Ní girama, wọ́n ní sáyẹ́ǹsì le, ló bá tẹ̀ lé àwọn oní-Art. Ìgbà tó ku ọdún méjì kó jáde ló tó yí padà, ó sì fi ọdún méjì yẹn ka iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. BSc ní Lesotho, 1977. MSc ní McMaster ní Kánádà, 1981. PhD ní Western Ontario, 1987. Ó dé Rhodes University ní Gúúsù Áfíríkà ní 1992. Ní 2009, ó gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn o! Inorganic chemistry niṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀ka kẹ́místírì tó ń wo mẹ́táàlì, iyọ̀, eérú àti òkúta.

4/ Kí ló wá ń ṣe gan-an? Aró ni. Àwọ̀ búlúù kan wà tó ń jẹ́ phthalocyanine, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀dà àti yíǹkì ìtẹ̀wé. Nyokong á fi mẹ́táàlì bíi zinc sáàárín rẹ̀. Èrò ibẹ̀ ni pé kí àwọ̀ yìí wọ ara aláìsàn, kó lọ jókòó síbi tí jẹjẹrẹ wà, kí wọ́n wá tan iná pupa síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á jí àwọ̀ náà, òun náà á sọ ọ́síjìn ibẹ̀ di oró fún jẹjẹrẹ. Ibi tí iná ò bá dé, kò ní jà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn tí oògùn jẹjẹrẹ mú kí irun orí rẹ̀ re tán á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì.

5/ Aláró ni ìyá wa àgbà ní Apòmù. Mo rí wọn tí wọ́n ń sẹ́ omi eérú, tí wọ́n ń rẹ ẹlú sí i. Aṣọ á jáde nínú ìkòkò bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á kàn án, á di búlúù lójú yín. Ọ́síjìn ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan ò sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì. "Oxidation" la há sórí. Burette? Ìgbà tí WAEC ku ọ̀sẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, àwa mẹ́wàá sì la jọ ń lò ó.

6/ Ẹ máa ní, "Iṣẹ́ dà?" Ẹ ò parọ́, iṣẹ́ ò sí lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀fẹ̀ tẹ́ ẹ ń ṣe ló máa dá iṣẹ́ sílẹ̀? Ọmọ Nàìjíríà ni Kenneth Ozoemena, ọ̀dọ̀ Nyokong ní Rhodes ló ti gba PhD, òun náà sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Orí ò wọ́n wa. Irinṣẹ́ ló wọ́n wa.

7/ Ẹ sì wo ibi tá à ń náwó sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde á pé jọ: aṣọ ẹgbẹ́, DJ, wọ́n á kun géètì iléèwé. Láàbù wà lẹ́yìn géètì yẹn, aláǹgbá ló ń gbébẹ̀.

8/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe ìpàdé ní Disẹ́ńbà yìí, ẹ dín aṣọ kù, ẹ ra burette. Àbúrò mi ń lọ o, kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta á lọ́rẹ, kó ra aṣọ láàbù fún un. Dòdò Ìkirè tó máa jẹ lọ́nà, èmi á rà á.