Erékùṣù Mẹ́ta Tó Yẹ Kí Ẹ Mú Ìdílé Yín Dé

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi wá: "Ibo ni a ó mú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ?" Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Nítorí náà, a fẹ́ fi erékùṣù mẹ́ta ní ilẹ̀ adúláwọ̀ hàn yín. Gbogbo wọn ló rẹwà, gbogbo wọn ló sì ní ìtàn tó yẹ kí ọmọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà erékùṣù, omi ni, a ó sì sọ̀rọ̀ lórí èyí pẹ̀lú kí a tó dágbére.

Èkíní ni Gberefu, ní Bádágírì. Ẹni tó ń gbé Èkó lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Etí ọ̀sà ní Bádágírì ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja ń gbé níbẹ̀. Ọ̀nà oníyanrìn kan lọ láti etí ọ̀sà títí dé etí òkun. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà láyé àtijọ́, kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó tó gbé wọn lọ, tí wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí ẹ bá padà dé ìlú, ẹ fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, han àwọn ọmọ, àti ibi tí a ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan wẹ̀ nínú òkun ní Gberefu o. Ìgbì ibẹ̀ lágbára, ó sì ń fa ènìyàn wọnú.

Èkejì ni Gorée, tó wà níwájú ìlú Dakar ní Senegal. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Senegal. Láti èbúté Dakar, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú omi fi ń dé ibẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní erékùṣù náà, nítorí náà àwọn ọmọ lè sáré kiri kí ọkàn ìyá wọn má sì já. Àwọn ilé àtijọ́ tí a kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi kún ibẹ̀, òdòdó sì ń rọ̀ lára ògiri wọn. Ilé Àwọn Ẹrú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kọjú sí òkun. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì lọ síbẹ̀, ó sì tọrọ ìdáríjì nítorí òwò ẹrú. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye ènìyàn tó gba ilé náà kọjá. Ẹ sọ èyí náà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé òtítọ́ ni a ń wá.

Ẹ̀kẹta jìnnà díẹ̀: Zanzibar, ní Tanzania. Ibẹ̀ ni kànáfùrù ti ń jáde lọ sí ọjà káàkiri ayé. Yanrìn etí òkun rẹ̀ funfun, àwọn ilé àtijọ́ inú ìlú sì ní ilẹ̀kùn tí a fín ọnà sí lára. Nígbà tí wọ́n ti ọjà ẹrú ibẹ̀ pa ní 1873, àwọn ìjọ Áńgílíkà kọ́ ilé ìsìn sórí ilẹ̀ ọjà náà. Ibi tí òpó ti wà, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn ẹrú, ni pẹpẹ wà títí dòní. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ ará ibẹ̀, ẹ múra níwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ẹ bá ń rìn láàárín ìlú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀nà omi. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ọkọ̀ Le Joola tó ń bọ̀ ní Dakar láti ìhà gúúsù Senegal dojú dé. Ó ju 1,800 ènìyàn tó kú, bẹ́ẹ̀ a kò kọ́ ọkọ̀ náà láti gbé tó 600. Ní oṣù kẹsàn-án 2011, ọkọ̀ mìíràn tó kún àkúnjù rì nítòsí Zanzibar, ó ju igba ẹ̀mí tó lọ. Ẹ̀rù tó pọ̀ jù ló wà nínú ọ̀ràn méjèèjì.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "A ti gbàdúrà." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù aládùúrà ni, síbẹ̀ ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe ṣíkọ̀. Wọn kò gbọ́, ọkọ̀ sì fọ́ létí erékùṣù. Ọlọ́run dá ẹ̀mí 276 tó wà nínú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ó kọ́kọ́ rán sí wọn.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti kún, ẹ dúró de òmíràn. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, kí ti ọmọdé jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé, kí ẹ sì so ó kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ má ṣe wọkọ̀ lálẹ́ tàbí nígbà tí ìjì ń bọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń bínú, tí àwọn èrò sì ń pòṣé, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ yín mú, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Owó ọkọ̀ tó bá ṣòfò, a ó rí òmíràn.

Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́. Ó tún di oṣù tí ń bọ̀.