Kí Ni À Ń Pe Èyí Ní Yorùbá?

Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún méje kan bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn sí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo rò pé mo ti kọjá ẹni tí ọmọdé lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dá dúró. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àǹtí mi, ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn méjèèjì àti èmi wọ mọ́tò lọ sí Bristol lọ́jọ́ Ẹtì láti lọ wo Bristol International Balloon Fiesta. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é, nínú pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Ashton Court; láti ọdún 1979 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. A pàgọ́ sínú oko kan lẹ́yìn ìlú, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì kan tó wúwo ju àgọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ rí wọn: aṣọ ràgàjì tó ga bí ilé alájà mẹ́fà, tí wọ́n ń fi iná gáàsì mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná títí yóò fi fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, tí yóò sì gbé apẹ̀rẹ̀ àti àwọn èèyàn inú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọmọkùnrin náà fà mí láṣọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?"

Mo ní, "Bàálù."

Ó ní, "Ṣé bàálù kọ́ ló gbé yín wá láti Nàìjíríà ni?"

Mo gbìyànjú "fèrè". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní fèrè ni èyí tí wọ́n so mọ́ ògiri lọ́jọ́ ìbí òun. Mo dákẹ́.

Ẹni tó bá ti ṣe kíláàsì ọ̀rọ̀ àyálò yóò ti rí ibi tí ẹ̀rín wà. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "balloon" gan-an ni a ti yá "bàálù". A gbé kọ́ńsónáǹtì ìparí jù sílẹ̀, a fún un ní ohùn tiwa, a sì fi orúkọ náà pe ọkọ̀ òfurufú. Ní báyìí, ẹni tó ni orúkọ dé, ó bá àlejò lórí àga.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, atẹ́gùn le, kò sí èyí tó fò. Kì í ṣe nǹkan tuntun níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó rọ̀ ni wọ́n nílò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbéra. A jókòó sínú àgọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo Yorùbá tí àwọn ọmọ náà gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni: "Ẹ jókòó." "Má fọwọ́ kàn án." "Ẹ wá jẹun." "Ṣé ẹ ti gbàdúrà?" Nígbà tí bàbá wọn fẹ́ ṣàlàyé bí iná ṣe ń gbé aṣọ náà sókè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Èmi náà ń dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: a ti pín iṣẹ́ fún èdè méjèèjì. Yorùbá ló ni ìbáwí, oúnjẹ àti àdúrà. Gẹ̀ẹ́sì ló ni ohun tó ń yani lẹ́nu. Ọmọ tó gbọ́n yóò mọ èyí tó yẹ kó yàn. Ẹ má sì rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni. Nílé wa ní Ìbàdàn, tí mo bá fẹ́ bá àbúrò mi wí, Yorùbá ni. Tí mo bá fẹ́ fi nǹkan tuntun hàn án lórí fóònù, mo ti bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì kí n tó mọ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ni a kò ní. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe. Láìsí i, àwa tí à ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní Yorùbá kò ní rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje kò lè dúró de ìgbìmọ̀. Nínú àgọ́ náà, mo ní kí a wò ó bóyá lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ kò sí. Aṣọ wà. Okùn wà. Apẹ̀rẹ̀ wà. Iná, èéfín, afẹ́fẹ́, gbéra, léfòó, balẹ̀: gbogbo rẹ̀ wà. Mo sọ ìtàn ọdún 1783 fún wọn, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá Montgolfier ní ilẹ̀ Faransé fi àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ àti àkùkọ sínú irú rẹ̀, tí wọ́n sì fò lójú ọba. Mo sọ bí Don Cameron àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bristol níbẹ̀ ṣe ṣe Bristol Belle ní 1967. Yàtọ̀ sí orúkọ èèyàn àti ti ìlú, n kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ohun tí ọmọkùnrin náà fẹ́ mọ̀ ni bóyá àgùntàn náà ké.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, afẹ́fẹ́ rọ̀, wọ́n gbéra ní bíi aago mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ ní "apẹ̀rẹ̀ òfurufú". N kò sọ pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó lò ó nígbà tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ìyá màmá mi ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́lẹ̀, ìpè wọn kì í ju "Ẹ kú àárọ̀ mà" àti "Dáadáa ni mà" lọ kí wọ́n tó gba fóònù fún ìyá wọn. Lọ́jọ́ yìí, Ìyá pè padà fúnra wọn. Wọ́n ní, "Ta ló ń wà á?"

Ọmọkùnrin náà ní, "Afẹ́fẹ́ mà."

Òótọ́ ló sì sọ. Awakọ̀ kò ní ohun tí yóò fi yà á sọ́tùn-ún tàbí sósì. Yóò kàn gòkè tàbí rọlẹ̀ láti wá atẹ́gùn tó ń lọ síbi tó ń lọ. Ìyá ní irọ́ ni. Wọ́n jọ ń jiyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ àwọn ọmọ náà dàrú pátápátá, n kò sì tún un ṣe.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí, tí ẹ ń tọ́mọ lókè òkun, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní. Tí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ wo nǹkan àrà, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n yín, ẹ júwe nǹkan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó wà nílé. Àwa tí a ṣì wà ní kíláàsì náà ní àbúrò nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá pẹ̀lú.