Awò ìbọn ńlá kọ́ ló ń pa ẹran: ẹ̀yin ọdẹ oníbọn afẹ́fẹ́, ẹ yéé fi owó ra ariwo

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Mo ti dákẹ́ tó.

Ohun tí mo ń rí báyìí ni pé bí ọ̀dọ́ kan bá ti ra ìbọn afẹ́fẹ́, kó tó wá ọta gidi rárá, awò ló kọ́kọ́ ń wá, èyí tí àwa níbí ń pè ní lunette. Kì í sì í ṣe awò lásán o. Ó gbọ́dọ̀ gùn bí apá, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ bí ife, iná pupa gbọ́dọ̀ máa tàn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ 6-24x50 sí i lára. Bó bá gbé e sórí ìbọn tán, á ya fọ́tò, àwọn ọ̀rẹ́ á máa kí i pé ọdẹ ti dé. Ẹ wá bi í pé ẹran mélòó ló ti gbé wálé. Ibẹ̀ ni ẹnu á ti há.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ra irú awò bẹ́ẹ̀ ní 35,000 sẹ́fà. Ẹni tó tà á fún mi búra pé n ó máa rí èèrà ní 200 mítà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yìnbọn sí bébà ní 20 mítà, ó bà á dáadáa. Inú mi dùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àparò kan jáde sẹ́bàá oko ẹ̀pà wa nírọ̀lẹ́. Mo fi ìlà àgbélébùú inú awò sí i lórí, mo fa ìbọn. Ọta náà kò bà á lórí, ìyẹ́ apá ló ṣẹ́. Ó sáré wọ igbó. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí i. Lọ́jọ́ kejì mo tún yìnbọn sí bébà. Gbogbo ọta ló ń bọ́ sí ọwọ́ òsì ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀, kò yí padà. Mo gbọn awò náà, mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ti fọ́.

Ẹyẹ yẹn kú sínú igbó pẹ̀lú ìrora, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe owó. Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà ti ọdẹ nìyẹn. Ìyà ti ẹran tí a ṣe léṣe tí a kò rí mọ́ ńkọ́? Ta ni yóò rò ó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fọ́ awò mi, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ọ́n. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni èyí tí a ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó tó ní agbára. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, a ń ki ressort kan pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìka bá fà á, ressort á ta, á ti pístọ́nù síwájú pẹ̀lú agbára, ìbọn á sì sún sẹ́yìn sí èjìká. Kí ojú tó ṣẹ́, pístọ́nù á dé òpin, á bá afẹ́fẹ́ tó ti há síbẹ̀, ìbọn á tún fò síwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jà: sẹ́yìn, síwájú. Ìbọn ẹ̀tù àti ìbọn oní-cartouche, bí wọ́n ti lágbára tó, sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń tì.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ńlá, ìtì ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi dígí inú rẹ̀ múra sílẹ̀ fún. Ó lè wà lórí ìbọn tó ń pa ẹfọ̀n fún ọdún mẹ́wàá láìṣe nǹkan kan. Ẹ gbé e sórí ìbọn afẹ́fẹ́ oní-ressort, ọta igba lè má tíì tán tí dígí inú rẹ̀ á fi máa rìn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "ìbọn afẹ́fẹ́ kò lágbára, awò èyíkéyìí á gbà á", kò mọ ohun tó ń tà. Ẹ bi í ní gbangba pé ṣé fún ìbọn afẹ́fẹ́ oní-ressort ni wọ́n ṣe é. Bí kò bá lè fi hàn yín nínú ìwé rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀ràn kejì ni jíjìnnà. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ńlá ni wọ́n ti ṣe kalẹ̀ kó lè ríran déédéé ní nǹkan bíi 90 mítà. Àwa oníbọn afẹ́fẹ́, 15 mítà, 25 mítà, 35 mítà ni iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá fi irú awò yẹn wo ẹran ní 15 mítà, bí ojú yín bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò láàárín, àgbélébùú á máa rìn lórí ẹran. Ẹ ó rò pé orí lẹ ń wò, ọrùn ni ọta á lọ. Parallaxe ni àwọn tó ń ṣe awò ń pe ìyẹn. Awò tó yẹ wá ni èyí tó ní òrùka tàbí bọ́tìnnì tí a lè fi tún jíjìnnà yẹn ṣe, tó sì lè bọ́ sí nǹkan bíi 9 mítà tàbí kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ wo nǹkan kékeré kan ní 20 mítà, ẹ má fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ẹ wá máa mi orí yín díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Bí àgbélébùú bá dúró sójú kan, ó dáa. Bó bá ń jó, tí kò sì sí òrùka tí ẹ lè fi tún un ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ńlá yẹn. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 4, ẹran tó wà ní 30 mítà á dà bí ẹni pé ó wà ní 7.5 mítà. Kí lẹ tún ń wá? Kí ẹ máa ka irun rẹ̀ ni? Bí ẹ bá fà á dé ìlọ́po 24, ìwárìrì ọwọ́ yín náà á di ìlọ́po 24. Àyè tí ẹ ń rí á tún kéré débi pé ẹ kò ní rí ẹ̀ka tó dábùú níwájú ẹran, ẹ kò sì ní rí ọmọ tó ń ṣẹ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Èyí kì í ṣe àwàdà. Nínú oko wa, ènìyàn kò jìnnà sí ẹran.

Ìmọ́lẹ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gba fífẹ̀ ẹnu awò ní mìlímítà, kí ẹ fi ìlọ́po rẹ̀ pín in. Ohun tó bá kù ni ìbú ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú yín. Awò 4x32: 32 pín sí 4, ó jẹ́ 8. Awò ńlá 6-24x50 tí ẹ fà dé 24: kò ju 2 díẹ̀ lọ. Nínú òkùnkùn, ẹyinjú ọ̀dọ́ lè ṣí tó nǹkan bíi mìlímítà 7. Ìgbà wo ni àparò àti ehoro ń jáde? Ṣebí àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni. Lákòókò yẹn, awò kékeré onílọ́po 4 á máa mọ́lẹ̀, awò ńlá á máa ṣókùnkùn.

Ẹ̀kẹrin, ìwúwo. Ìbọn fúnra rẹ̀ ti tó kílò mẹ́ta. Awò kékeré tó dáa lè wọn nǹkan bíi 300 giráàmù, òmíràn nínú àwọn ńlá kọjá 700. Ẹ gbé e rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹ wá sọ fún mi. Yàtọ̀ sí èyí, awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ gbọ́dọ̀ ga sókè kúrò lórí ìbọn, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ọta ti ń jáde. Bí awò bá ṣe ga tó ni ọta á ṣe máa bọ́ sísàlẹ̀ àgbélébùú tó nígbà tí ẹran bá sún mọ́ wa gan-an. Awò kékeré á sún mọ́ ìbọn, ó sì tún máa ń rọrùn fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti jókòó sójú kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó ń lo awò ńlá lórí ìbọn afẹ́fẹ́, àwọn rí i lórí fóònù. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní field target, awò ńlá ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n gé bí ẹran ni wọ́n ń yìnbọn sí. Wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á fara balẹ̀, wọ́n á máa fi òrùka awò wọn wádìí bí irin náà ṣe jìnnà tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ìlọ́po ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo ìbọn tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá rẹ̀, èyí tí kì í fò sẹ́yìn fò síwájú. Irin kì í sá lọ. Irin kì í jẹ̀rora. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti òkété?

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Mi ò ní ohunkóhun tó bá ṣáà ti kéré ló dáa. Awò tín-ín-rín 4x20 tí wọ́n máa ń fi kún ìbọn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú páálí, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ihò rẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, kì í sì í dúró lójú kan. Èyí tí mò ń sọ ni 4x32, tàbí 2-7x32, tàbí 3-9x32, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 25.4, tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́, tí a sì lè tún jíjìnnà rẹ̀ ṣe. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ wo ìdìmú tó so awò mọ́ ìbọn. Ojú irin ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ fẹ̀ ní mìlímítà 11, ìdìmú tó bá a mu gan-an ni kí ẹ rà, èyí tó ní èèkàn kékeré tó ń wọ ihò lórí ìbọn. Láìsí èèkàn yẹn, awò á máa yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa dá awò lẹ́bi. Ìkejì, ẹ yin ọta márùn-ún sí bébà kan. Ẹ yí bọ́tìnnì sókè lẹ́ẹ̀ogún, ẹ yìn ín. Sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀ogún, ẹ yìn ín. Sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀ogún, ẹ yìn ín. Sósì lẹ́ẹ̀ogún, ẹ yìn ín. Ó gbọ́dọ̀ padà sójú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Awò tí kò bá mọ̀nà ilé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìkẹta, ẹ yin igba ọta sí bébà kí ẹ tó yin ẹyọ kan sí ẹran. Bó bá máa fọ́, bébà ni kó fọ́ mọ́ lójú.

Bí owó kò bá tíì tó ńkọ́? Ẹ lo ojú ìbọn onírin tó bá ìbọn wá. Ẹ sún mọ́ ẹran dé 15 mítà, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ojú irin tó dúró sójú kan sàn ju awò tó ń purọ́ lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu pàápàá, ẹ rántí ẹni tí a jẹ́. Ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, ọba Kétu ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì títí dòní. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹyẹ burúkú kan bà lé òrùlé ààfin, ọdẹ kan wá pẹ̀lú ọfà 20, òmíràn mú 40 wá, òmíràn mú 50. Gbogbo wọn ta á, wọn kò bá a. Ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo ló pa á. Ìbọn tí à ń sọ yìí, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà kí a tó tún un ṣẹ́. Ọlọ́fà kan ni àwa náà. Nọ́ńbà tó pọ̀ kọ́ ló gba ìlú là nínú ìtàn yẹn. Ọfà tó lọ síbi tí ojú ń wò ló gbà á.

Ẹ pín ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀dọ́ tó bá ń múra àtira awò, kó tó kówó lé ẹni tó ń ta ariwo lọ́wọ́. Ògún á gbè wá o.