Bí Fáànù Bá Ń Yí, Ṣé Power Pack Dára Náà Nìyẹn?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun kan tó ń dùn mí nípa àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ládùúgbò wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá èèyàn tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fótókọ́pì. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe fún ohun tó lé ní 30 ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi.

Ohun tí mo ń rí rèé. Iná á dé lójijì pẹ̀lú agbára, kọ̀ǹpútà á dún gbàù, èéfín á yọ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Onítọ̀hún á tú power pack, ìyẹn àpótí irin tó ń gba iná ògiri, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré tí kọ̀ǹpútà lè lò. Á rí i pé fíúsì ti jó, á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ́pò rẹ̀. Á wá so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú kí ó lè tàn láìsí lára kọ̀ǹpútà, fáànù á sì máa yí bíríbírí. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti dára!" Owó dà? Wọ́n ti san án.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni power pack ọ̀hún lò. Nígbà tó máa lọ, kò dá lọ: ó mú mọ́dábọ́ọ̀dù àti háàdì díìsìkì dání, bẹ́ẹ̀ próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó ń múra àtijáde ló wà nínú díìsìkì yẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ àwọn òbí wọn, ẹ jẹ́ kí n má wulẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, fíúsì kì í dédé jó. Nínú power pack, lọ́pọ̀ ìgbà, tiransísítọ̀ ńlá tàbí dáódù ni yóò ti kọ́kọ́ kú kí fíúsì tó jó. Ẹni tó fi wáyà rọ́pò fíúsì ti pa ajá tó ń gbó, ó sì fi olè sílẹ̀ nínú ilé. Bí iná bá sọ ní òru ńkọ́, tí ṣọ́ọ̀bù méje so kọ́ra wọn?

Ọ̀rọ̀ fáànù náà ńkọ́? Fóòtì 12 ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n bí ó bá rí 8 yóò yí, bí ó bá rí 15 yóò tún yára sí i. Kọ̀ǹpútà kò gba irú ìyẹn. Ti 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, ti 5 láàárín 4.75 sí 5.25, ó sì tún ní ti 3.3. Mítà ló lè sọ ìyẹn fún wa, fáànù kò lè sọ ọ́. Ẹrù sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, nítorí òfìfo lè wọn dáadáa kí ó wó lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Kódà, bí kapásítọ̀ inú rẹ̀ bá ti wú lórí bí ọ̀pọ̀lọ́, iná rẹ̀ lè máa gbọ̀n kí mítà má mọ̀.

Láyé tiwa, bí rédíò bá dún gbàù, a kì í dédé kì í bọ iná. A máa ń so gílóòbù 60 tàbí 100 wáàtì sójú ọ̀nà iná rẹ̀ (ti àtijọ́ tó ní wáyà nínú ni o, kì í ṣe ti ìsinsìnyí). Bí gílóòbù bá tàn rokoṣo tí kò rẹlẹ̀, iná ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú nǹkan náà nìyẹn. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tó sì rọlẹ̀, a ó wá máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ṣe é bóyá ó ní irú gílóòbù bẹ́ẹ̀.

Èmi kò sọ pé gbogbo power pack tó bá ṣàìsàn ni kí a sọ nù. Bó bá jẹ́ ariwo fáànù ni, ẹ pààrọ̀ fáànù. Bó bá pa ara rẹ̀ láìsí ìró, láìsí òórùn, ẹ yọ ọ́ lára iná fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tún un wò. Èyí tí òjò pa nígbà tí kò sí lára iná, oníṣẹ́ lè tú u kí ó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó dún, tó rú èéfín, tàbí tí omi wọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tèmi ni pé ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí wọn kò yí súìṣì pupa ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí 115 kí wọ́n tó kì í bọ 230 tiwa. Òmíràn kò ní súìṣì náà rárá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Wọ́n á ní owó dà. Mo gbà. Àmọ́ owó power pack kò tó owó gbogbo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó ń ta próójẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ lọ́jà.

Ẹ má sì fọwọ́ ara yín tú u. Iná tó tó fóòtì 325 lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ó ti gbé ọkùnrin gìrìpá ṣubú lójú mi. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ nù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé gbogbo wáyà aláràbarà tó jáde lára rẹ̀ kúrò, kí àwọn tó ń ṣa irin kiri má bàa gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn bí ohun tó dára.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ rédíò tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.