Iṣẹ́ Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nínú láàbù kan ní Ìlú Ọba, akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè máa ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ máa lo ẹ̀rọ kan náà, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì jọ jáde nínú jọ́nà kan náà. Ọmọ onílé á san nǹkan bí £5,000 lọ́dún. Àlejò, pàápàá tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì, lè san £25,000 kó sì tún lé. Ẹni tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ wá ra ẹ̀kọ́ ni. Kí wọ́n máa bá a dúnàá-dúrà bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó ń ṣèwádìí, iṣẹ́ ló wá ṣe, ìyàtọ̀ owó yìí kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá ní tiẹ̀.

Àṣà àtayébáyé kọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé iye kan náà ni onílé àti àlejò ń san. Ọdún 1967 ni ìjọba ẹgbẹ́ Labour fa ìlà sáàárín wọn: £70 fún ọmọ onílé, £250 fún àlejò. Nígbà tó di 1980, ìjọba Margaret Thatcher ní kí àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa san gbogbo iye tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń náni. Síbẹ̀, ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olùwádìí yàtọ̀. Lásìkò yẹn kan náà ni wọ́n dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ tó ń dí àlàfo tó wà láàárín owó onílé àti owó àlejò fún àwọn olùwádìí tó dáńgájíá láti òkè òkun. Nǹkan bí ọdún 2010 ni owó ìjọba dá lórí ètò náà ní England.

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ìyàtọ̀ yìí á ní owó-orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé yunifásítì ró, òbí àlejò kò sì dá kọ́bọ̀ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń pẹ́ ní láàbù dòru? Ta ló ń kó dátà jọ, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, tó sì ń máàkì iṣẹ́ wọn? Nígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí àwọn yunifásítì nínú ètò tí wọ́n ń pè ní REF, iye oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ti fúnni wà lára ohun tí wọ́n ń wò, wọn kì í sì í yọ ti àlejò kúrò. Nígbà tí wọ́n bá ń kà wọ́n, ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Ìgbà ìsanwó ni wọ́n máa ń rántí ẹni tó jẹ́ àlejò.

Ní 2021, UKRI, àjọ tó ń pín owó ìwádìí ìjọba, ṣí sikọ́láṣíìpù rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò, bí wọn kò bá ti ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní sáà 2025 sí 2026, owó ìgbọ́bùkátà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní £20,780 lọ́dún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́. Iye ti onílé, tó jẹ́ £5,006 ní sáà yẹn, nìkan ni àjọ náà ń san, ó sì ka á léèwọ̀ fún yunifásítì láti gba ìyókù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òfin rere ni lójú. Ohun tó bí ni pé àlejò tí ẹ̀ka kan bá mú á dà bí òfò nǹkan bí £20,000 nínú ìwé ìṣírò, bẹ́ẹ̀ yunifásítì fúnra rẹ̀ ló bu iye náà. Ṣé ó yẹ kó yani lẹ́nu bí àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wo ìwé ìrìnnà kí wọ́n tó wo ọpọlọ?

Owó mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Láti oṣù Èrèlé 2024, owó ìlera tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san mọ́ físà ti kúrò ní £470 lọ́dún, ó ti di £776. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún, kí èèyàn tó wọ bàálù: ọdún mẹ́rin á jẹ́ £3,104. Láti Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan náà ni wọn kò ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mástàs mú ẹbí wá mọ́. Olùwádìí ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ bó bá lo ẹ̀tọ́ náà, òun, aya rẹ̀ àti ọmọ kan á san £9,312 fún ìlera nìkan. Owó físà kò tíì sí níbẹ̀.

Fún ọmọ Nàìjíríà, náírà wá fi ata sójú egbò. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Okúdù 2023, £25,000 kò tó mílíọ̀nù 15 náírà ní iye báńkì. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti ń lọ sí mílíọ̀nù 50. Lákòókò náà, owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìjọba kò pé mílíọ̀nù kan náírà. Bó bá tilẹ̀ ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan fún ọmọ rẹ̀. TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó máa ń rán olùkọ́ yunifásítì lọ kàwé lókè òkun, dá apá òkè òkun dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Kì í ṣe pé ara tu ọmọ onílé. Ẹ̀yáwó ìjọba fún oyè ọ̀mọ̀wé ní England lé díẹ̀ ní £30,000 fún gbogbo ọdún tó máa fi kà á, kò sì lè tó o jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti lè yá a. Àlejò kò ní.

Ní Sweden àti Netherlands, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ń gbowó oṣù bí òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gba €1,500 ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò tí kì í ṣe ará Yúróòpù, ní 2017, ó yọ àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. New Zealand, tí kò lówó tó Ìlú Ọba, ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti ń gba iye owó onílé lọ́wọ́ àlejò tó wá ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ìjọba ibẹ̀ sì ń ran yunifásítì lọ́wọ́ lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lórí onílé. Kí olùwádìí náà ṣáà ti máa gbé níbẹ̀, kó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú Ọba lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ètò rẹ̀ àtijọ́ dúró sí: kí ìjọba tún máa dí àlàfo fún àwọn tó bá yege jù. Ní ti àwọn yunifásítì, kí wọ́n fi han akẹ́kọ̀ọ́, kó tó fọwọ́ sí ìwé, ohun tí £20,000 tó lé lórí ti onílé ń rà fún un ní láàbù náà.